Ìyá Abẹfẹ́lẹ́ àti Ilẹ̀ Tó Tẹ́jú

Ìyàwó mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò sì tíì rí i kó jẹun tán lórí ìjókòó kan. Á gbé ṣíbí kan sẹ́nu, á dìde, á lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Á padà wá jókòó, á gbé ṣíbí kejì, á tún dìde lọ wo sítóòfù. Tá a bá ti rìn dé ibùdókọ̀, á ní òun kò rántí bóyá òun yọ áyọ́ọ̀nù lára iná. A ó padà. Áyọ́ọ̀nù á wà níbi tó wà látàná, á tutù bí imú ajá, èmi á sì máa kùn lábẹ́ ètè títí a ó fi tún dé ibùdókọ̀. Aránṣọ ni mí, ìjókòó gan-an ni iṣẹ́ mi. Ẹ wá wo irú ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n so pọ̀.

Ní ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́, Ìyá Abẹfẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pè é. Máàpù ló ń yà. Òun kì í wọ igbó. Àwọn tó ń wọ igbó ló ń kó nọ́ńbà àti fọ́tò wá fún un, á sì dúró nídìí tábìlì gíláàsì kan tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, á máa fi tàdáwà fa ìlà sórí ike pẹlẹbẹ kan. Tó bá fa ìlà kan tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí i, á mú abẹfẹ́lẹ́, á rọra ha tàdáwà náà kúrò, á tún un fà. Ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti ha lẹ́ẹ̀kan, òun á ha á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé abẹ tí òun nìkan ń lò lọ́dún tó ti ilé onígbàjámọ̀ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n nínú ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó fi ṣe iṣẹ́ náà, kò sẹ́ni tó mú máàpù rẹ̀ wọ igbó tó padà wá sọ pé ìlà kan báyìí parọ́ fún òun. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í sọ ọ́ jáde, àmọ́ ó máa ń hàn nínú bó ṣe ń gbé orí rẹ̀ tó bá ń wọ ọ́fíìsì.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-gígùn, torí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ṣòkòtò tí mo bá rán fún un lóṣù kìíní, bó bá fi máa di oṣù kẹta, ó ti di ti ọmọ aládùúgbò. Èmi àti ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ tiwa. Ó máa tó ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ fi wá sílẹ̀ níbùdókọ̀, tó sáré padà lọ wo áyọ́ọ̀nù. Bá a ṣe rí i tó ń sáré bọ̀, tí gèlè ti yẹ̀ lórí rẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo bẹ̀rẹ̀, mo sọ sétí ọmọ náà pé, "Ilé ò jó." Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bó ṣe di tiwa nìyẹn. Ìyá rẹ̀ bá dìde nídìí oúnjẹ, a ó wo ara wa: ilé ò jó. Ìyá rẹ̀ bá gbé agboòrùn lọ pàdé rẹ̀ níléèwé lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere: ilé ò jó. Ìyá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ bá kíláàsì rẹ̀ lọ wẹ̀ létíkun. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé àṣẹ náà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì kọ ọ̀rọ̀ wa sí abẹ́ ìwé fún ọmọ láti rí. Mo rò pé mo ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ni. Inú mi máa ń dùn pé ọmọ jọ mí, pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ọmọ yìí kàwé, ó di awọnlẹ̀, ó sì wọ ọ́fíìsì kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Tìyá ni inú ilé, tọmọ ni inú igbó. Lọ́dún tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni iṣẹ́ erékùṣù dé.

Erékùṣù náà jìnnà sójú òkun, ọkọ̀ ojú omi ń rìn ín ní ọjọ́ méjì. Èèyàn kankan kì í gbé ibẹ̀. Igbó kìjikìji ló bò ó láti etí iyanrìn dé góńgó orí òkè. Wọ́n fẹ́ gbé iná tí àwọn ọkọ̀ ńlá á máa rí lóru sí ìparí rẹ̀ lápá kejì, wọ́n sì fẹ́ mọ ọ̀nà tí èèyàn lè gbà la àárín igbó náà kọjá dé ibẹ̀. Ọkọ̀ òfúrufú kan fò lórí rẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè, fọ́tò bíi igba. Ìyàwó mi ni wọ́n kó wọn fún.

N kò mọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi eléyìí hàn mí rí. Á mú fọ́tò méjì tí wọ́n ya ibi kan náà láti ọ̀kánkán ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, á fi awò olójú méjì kan wò wọ́n láti òkè. Lójijì, òkè á yọ sókè, àfonífojì á wọlẹ̀, bí ẹni pé o lè na ọwọ́ kàn wọ́n. Á wá máa fa ìlà kọjá gbogbo ibi tí gíga wọn bá dọ́gba. Ibi tí àwọn ìlà bá ti há mọ́ra, ilẹ̀ ibẹ̀ ga gèrè. Ibi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kí ẹlẹ́sẹ̀ máa yan lọ. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé awò kì í rí ilẹ̀ nínú igbó. Orí igi ló ń rí. Ó wá di dandan kí èèyàn mọ bí igi ṣe ga tó, kó yọ ìyẹn kúrò, kó tó mọ ibi tí ilẹ̀ wà.

Àwọn atukọ̀ òkun kan ti dúró létí erékùṣù náà rí, wọ́n wọn igi díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyanrìn: mítà ọgbọ̀n. Kò sí òmíràn tẹ́nikẹ́ni wọ̀n. Ìyàwó mi mú mítà ọgbọ̀n yìí, ó fi yọ káàkiri. Àárín erékùṣù náà wá jáde ní títẹ́jú pẹrẹsẹ bí ẹní, ó sì fa àwọn ìlà rẹ̀ jìnnà síra. Ó ha wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún wọn fà, wọn ò yí padà. Wọ́n tẹ máàpù náà. Ẹlẹ́sẹ̀-gígùn ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn mẹ́fà tó máa gbé e wọ igbó, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò ṣe olórí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n ń lọ, a sìn ín dé etí omi. Ìyàwó mi ń yí àwọn ẹrù po, ó ń kà wọ́n.

"Okùn gígùn ńkọ́? Mi ò rí okùn gígùn."

"A ò gbé e, Mọ́mì," ni ọmọ wí. "Ó ti wúwo jù. Máàpù tẹ́yin fúnra yín yà ló sọ pé ilẹ̀ tẹ́jú. Kí la fẹ́ fi okùn ṣe?"

"Ẹ ṣáà máa gbé e dání."

Ọmọ wò mí. Mo wo ọmọ. A ò tiẹ̀ la ẹnu, ẹ̀rín ti ń jà wá níkùn. Bàbá Aládàá, ọkùnrin àgbàlagbà tó ń fi àdá lànà fún wọn, ló gbé àpótí tó kẹ́yìn sọ́kọ̀, ọkọ̀ sì ṣí. Okùn kò bá wọn lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, láàárọ̀, a ń mu tíì nínú pálọ̀, tó tún jẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyàwó mi ti dìde lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta tó dìde, kò lọ síbì kankan. Ó dúró síwájú fọ́tò kan tó ti wà lára ògiri láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn: Ẹlẹ́sẹ̀-gígùn àti kíláàsì rẹ̀, gbogbo wọn tò lọ gbọọrọ nínú aṣọ iléèwé tí èmi fúnra mi rán. Kọ́ọ̀bù tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wo orí wọn."

"Kí ló ṣe orí wọn?"

"Gbogbo ẹ̀ dọ́gba."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ayàwòrán náà mọṣẹ́.

"Báwo lorí wọn ṣe máa dọ́gba? Ọmọ wa fi odindi orí kan ga ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn lọ."

Mo sọ fún un ohun tí gbogbo ayé mọ̀, pé wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sẹ́yìn àwọn àga tó bo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n kó àwọn kúkúrú sórí rẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ wa dúró sílẹ̀. Ìyàwó mi gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀ lórí aṣọ oníbàárà mi, tíì dà sí i. Kò tiẹ̀ rí i.

"Orí ni mo rí," ó ní. "Mi ò rí ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kòtò ló wà láàárín ibẹ̀ ńkọ́? Igi inú kòtò á máa na ọrùn wá oòrùn ni, á máa ga títí orí ẹ̀ á fi bá ti àwọn tó wà lókè dọ́gba. Mo fi ọgbọ̀n yọ fún gbogbo wọn! Bàbá, mi ò ya ilẹ̀. Orí igi ni mo yà."

Kó tó parí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti wọ bàtà. Mo sọ ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìbínú aṣọ oníbàárà tó ti bà jẹ́. Ó kọ́kọ́ padà láti ibùdókọ̀ lọ wo sítóòfù. Mo dúró dè é, mo ń pòṣé.

Ọ́fíìsì wọn jẹ́ gbọ̀ngàn gígùn kan tó kún fún fèrèsé. Àwọn dúrọ́ọ̀ fífẹ̀ tí kò jìn ló wà lára ògiri láti ìsàlẹ̀ dókè, máàpù sì kún inú wọn. Ó fa tirẹ̀ jáde, ó tẹ́ àwọn fọ́tò, ó gbé ojú lé awò. Aago mẹ́sàn-án lù, mẹ́wàá lù, ọ̀sán pọ́n. Á wo, á dìde, á yí tábìlì po, á tún wo. Èmi náà wò ó. Ẹní ni mo rí, ẹní aláwọ̀ ewé tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Nígbà tó máa di aago méjì, ó rí nǹkan bíńtín kan, ojú dúdú kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, níbi tó jọ pé igi kan ti wó. Awò kò rí ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Ó lè jẹ́ òjìji lásán. Ó lè jẹ́ ẹnu kòtò.

Ọ̀gá wọn jáde wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í pariwo.

"Ìyá wa, lọ́la ni wọ́n máa la àárín kọjá. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ á dúró dè wọ́n lápá kejì, ọjọ́ yẹn nìkan ni omi máa kún tó kí ọkọ̀ lè sún mọ́lẹ̀. Tá a bá ní kí wọ́n padà, iṣẹ́ ọdún yìí ti bà jẹ́ nìyẹn, ọmọ yín lá sì wà lórí ẹ̀. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Kò dá mi lójú, sà. Ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí n lè jókòó."

Ọ̀gá wò ó pẹ́, ó ní kó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́ ni wọ́n ń bá erékùṣù sọ̀rọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lórí wáyálẹ́ẹ̀sì, kí bátìrì má baà kú. Láti aago méjì sí mẹ́rin, ìyàwó mi rìn nínú gbọ̀ngàn yẹn tó ìrìn tó lè gbé èèyàn dé ìlú mìíràn. Gbogbo ọ́fíìsì ti gbọ́. Bí aago mẹ́rin ṣe lù, gbogbo wọn ti kóra jọ sẹ́yìn oníwáyálẹ́ẹ̀sì.

Ohùn ọmọ wa jáde, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi gba nǹkan tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ náà.

"Èmi ni. Ṣé o ti jẹun?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Oníwáyálẹ́ẹ̀sì tẹ̀ síwájú. "Mà, tẹ́ ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ máa ní 'ófà'."

"Ófà," ni ìyàwó mi wí, bí ẹni tí wọ́n ní kó tọrọ àforíjì.

"Mo ti jẹun, Mọ́mì. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ófà."

"Ilẹ̀ tó tẹ́jú tí mo yà sáàárín yẹn, mi ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ orí igi. Kòtò lè wà lábẹ́ ẹ̀. Ófà."

"Mọ́mì, ṣé ẹ rí nǹkan kan ni, àbí ọkàn yín ni ò kàn balẹ̀? Ófà."

Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Ká ní ó fẹ́ purọ́, irọ́ kan péré ló kù kó pa, kó ní òun rí kòtò. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ di etí tábìlì mú. Lójú àwọn tó ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n pè é ní Ìyá Abẹfẹ́lẹ́, ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan tó dá mi lójú. Àmọ́ mo lè ti ṣì í yà. Má padà, ṣùgbọ́n máa wọn igi. Ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, wọn ẹyọ kan láti ìdí dé orí. Tó bá ti ń ga ju ọgbọ̀n lọ, ilẹ̀ ló ń wọlẹ̀ lọ yẹn. Tó bá ti kọjá ogójì, dúró. Má gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Ófà."

"Igi kan á gbà wá ní ìdajì wákàtí nínú irú igbó yìí, Mọ́mì. Ọkọ̀ lè já wa sílẹ̀. Ófà."

"Kó já yín sílẹ̀! Ófà."

Ọmọ gbà fún un. Ó ní, "Ó dáa, a ó máa wọ̀n ọ́n." Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá mo wà nítòsí. Wọ́n gbé nǹkan náà fún mi. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, bí ohùn ẹni tó ru ẹrù wúwo. Ó ní, "Dádì, ilé ńkọ́?"

Mo mọ ohun tó ń béèrè. Mo ti wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ látàárọ̀, mo ti rí ojú rẹ̀ lórí awò, mo mọ̀ pé ẹ̀rù yìí kì í ṣe ti áyọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọkàn ọmọ mi balẹ̀. Mo tún fẹ́ kí àwọn èèyàn tó wà nínú yàrá yẹn rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ojú yéé ro. Mo ní, "Ilé ò jó o. Ófà."

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ọ́fíìsì bá a rín in, láìmọ ohun tí wọ́n ń rín. Ìyàwó mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Nígbà tá a sọ̀kalẹ̀, ó ní òun kò rántí bóyá òun pa iná abẹ́ tábìlì. Ó wọ bọ́ọ̀sì mìíràn padà, èmi sì wọlé lọ fọ tíì kúrò lára aṣọ oníbàárà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin lù, wáyálẹ́ẹ̀sì kò sọ nǹkan kan. Aago márùn-ún, kò sọ nǹkan kan. Ìyàwó mi wà ní ìdúró. Èmi tí mo mọ ìjókòó, mo dìde dúró tì í, mi ò sì mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, atukọ̀ ránṣẹ́ pé òun ti dé apá kejì erékùṣù, pé òun ò rí ẹ̀dá alààyè kankan níbẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ fún ìyàwó mi pé nǹkan kan kò ní ṣe ọmọ wa. Ó wò mí lójú títí mo fi pa ẹnu mi dé.

Aago mẹ́rin ọjọ́ náà, ohùn Bàbá Aládàá ló jáde. Ọmọ wa ṣubú. Ó wà láàyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán lójú méjì. Wáyálẹ́ẹ̀sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ṣubú, ó sì gbà wọ́n ní odindi ọjọ́ kan kí wọ́n tó tún un ṣe. Wọ́n gé okùn àgọ́ àti ìtàkùn, wọ́n so wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó lè fà á jáde, torí kò sí okùn gígùn. Wọ́n ń gbé e padà bọ̀ síbi tí wọ́n gbà wọlé, kí ọkọ̀ máa bọ̀ níbẹ̀.

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìwòsàn. Dókítà sọ pé yóò rìn, pé ọ̀pá á máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, pé kó gbàgbé igbó ná. Nígbà tó délé, a gbé e sórí àga ńlá nínú pálọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ìdì funfun líle, lórí àpótí tí mo ń kó aṣọ sí. Ẹsẹ̀ náà gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Kò fẹ́ sọ bó ṣe ṣubú. Ìyá rẹ̀ kò béèrè. Ó ń dìde, ó ń tún ìrọ̀rí ṣe, ó ń dìde.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Aládàá wá kí i. Ó wọ aṣọ tó ti lọ̀, ó di ìwé igbó ọmọ wa sínú ọ̀rá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ó jókòó létí àga, ó ní òun fẹ́ kí òbí rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ àwọn kì í ṣe aláìgbọràn.

"Ó wọn igi o. Gbogbo ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀. Ọgbọ̀n, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, méjìdínlógójì. Èyí tó kẹ́yìn, ó lé ní ogójì, mọ́kànlélógójì. Aago mẹ́ta ti kọjá, ó ti rẹ gbogbo wa. Ilẹ̀ iwájú wa tẹ́jú lójú, ewé àti ìtàkùn ló bò ó dọ́gbadọ́gba. Mo ní, 'Ọ̀gá, ìyá yín ní ká dúró tó bá ti kọjá ogójì.' Ó dúró, lóòótọ́. Ó dúró dáadáa. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ilé ò jó, Bàbá,' ó sì gbẹ́sẹ̀. Ìtàkùn ló já. Ká ní kì í ṣe igi kan tó gbà á dúró láàárín ọ̀nà, kòtò yẹn, mi ò rí ìsàlẹ̀ ẹ̀."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó yí sí mi.

"Látìgbà yẹn ni mo ti ń bi ara mi. Ẹ forí jì mí, sà, mi ò kàwé. Ṣé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni, àbí kí ni? Kí ni 'ilé ò jó'?"

Ọmọ mi kò wo ìyá rẹ̀. Èmi ló wò, omi sì ti kún ojú rẹ̀, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi kọ́ ọ pé tí ìyá rẹ̀ bá sọ pé dúró, ẹ̀rín ni kó rín. Ìyá rẹ̀ fa ìlà kan tí kò tọ́, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Èmi kò sọ tèmi fún ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn. "Ọ̀rọ̀ inú ilé wa ni, Bàbá," ó ní. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé e jáde."

Lẹ́yìn tí Bàbá Aládàá lọ, ó lọ gbé ike máàpù náà wá. Ó ti gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń dúró de àwọn nọ́ńbà. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó bó abẹ tuntun. Ó sọ fún ọmọ pé, "Kà á fún mi." Ọmọ ṣí ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ọgbọ̀n, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìyá ń ha. Eruku tàdáwà ń bọ́ sórí tábìlì mi, ilẹ̀ tó tẹ́jú ń kúrò díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé mọ́kànlélógójì, ìyàwó mi gbé abẹ sílẹ̀. Ó gbé orí sókè. Mo mọ ojú yẹn.

"Mi ò rántí bóyá mo pa sítóòfù," ó ní.

Ọ̀rọ̀ náà dìde fúnra rẹ̀ dé orí ahọ́n mi, ó ti mọ ọ̀nà. Mo gbé e mì. Mo dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ní kó jókòó, mo lọ sí kíṣìnnì. Sítóòfù tutù. Mo fi ọwọ́ kàn án, mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀, mo wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú, lẹ́yìn náà mo padà wá sọ fún un pé ó ti wà ní pípa.

Ó ní kí n lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo lọ.